Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Irin

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ìbí ọmọ sílẹ̀ ní agbègbè wa fi òǹtẹ̀ pa orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, tí ara rẹ̀ le, tó sì ń lọ sí iléèwé.

Mo ti kọ gbólóhùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, nínú lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ àti nínú èyí tí mo ya. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé kí ẹni tó lẹ́jọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kó tó sọ bó ṣe dùn ún tó. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Bó ṣe dùn wá tó, n óò sọ ọ́ bí mo ṣe ń rántí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn dà bí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí odò Ọ̀tìn lójú mi. O rí i, o nawọ́ sí i, ọwọ́ rẹ tutù, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìnísà ni ilé wa. Káfíńtà ni bàbá mi. Òun ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ. Ní àárọ̀, bí ayùn rẹ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀, eruku igi a máa fò sókè nínú oòrùn, a dúró díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ohun tí kò mọ ibi tí yóò bà sí, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sórí irun wa. Bí rélùwéè bá ń kọjá, ilẹ̀ a mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a máa gbọ́ ọ títí ìró rẹ̀ yóò fi wọ inú igbó lọ. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ fún mi pé tísà lòun fẹ́ ṣe. Kì í sọ ọ́ bí ẹni ń fọ́nnu. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí yàrá ìkàwé náà, tó ti mọ ibi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Kí káàdì ìbí tó dé, ìwé ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sí. Akọ̀wé àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni pọn ọmọ, a gùn ún láti Ìkìrun wá sí Ìnísà, bó bá di ọjọ́ mìíràn a gba Òkukù lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ọjà ni ó máa ń jókòó sí. A ṣí ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. A ti gègé bọ inú yíǹkì, a gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tí kò lópin.

"Ọmọ ta ni?"

"Agboolé wo?"

"Kí ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ?"

Bó bá ti kọ ìyẹn tán, a sún gègé lọ sí etí ìwé, níbi tí kò sí ìlà, a ní: "Ó dáa. Kí làwọn ìyàwó ilé ń pè é?"

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ìdí ìbéèrè yẹn. Ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ọmọ náà ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ obìnrin, ọkọ ìyàwó ni. Orúkọ tí ìyàwó bá fi ẹwà tàbí ìwà rẹ̀ sọ ọ́ ni yóò máa pè é títí ayé. Akọ̀wé àgbà mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tó jẹ́ pé ìyàwó ilé ni yóò wá béèrè ìwé ọmọ náà, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe ń kọ ọ́.

Mo rí ojú ìwé tiwa lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi lọ tún pákó tí wọ́n ń to ìwé lé ṣe ní ọ́fíìsì Ìkìrun, mo sì bá a lọ. Akọ̀wé àgbà ṣí ìwé náà, ó ní kí n wá wo ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá wa, agboolé wa, ọdún. Ní etí ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní: "Àwọn ìyàwó ilé ń pè é ní Adúmáradán. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń sá kòkó ni wọ́n bí i. Àmì dúdú kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún." Mo rántí pé mo fi ìka kan àwọn lẹ́tà náà, bí ẹni pé n óò bá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní fi adé sórí ìwé náà. Ó ń fìyà jẹ èèyàn. Mo rí ọkùnrin kan láti Ìgbàyè tó fẹsẹ̀ rìn wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí orúkọ ọmọ rẹ̀ tí akọ̀wé àgbà ń wá láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí. Ìkán ti jẹ lára àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí ìwé náà bá sì wà ní Òkukù, kò lè sí ní Ìkìrun. Ẹni tó ní kí wọ́n wá nǹkan tó yá ju ìyẹn lọ kò ṣẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ni nǹkan náà dé. Akọ̀wé àgbà ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbin iṣu sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìkìrun. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti kọ́ iṣẹ́ tàípù ní Ìbàdàn wá rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù irin wá pẹ̀lú rẹ̀, tó ní ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀, tí káàdì funfun tò sínú rẹ̀ bí ewé obì nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tàípù wà lórí tábìlì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọjọ́ Sátidé kan, a ń gbọ́ ọ. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi dijú. Ó ní ká má tíì lọ. Àwọn lẹ́tà ń jáde lórí ìwé, gbogbo wọn dọ́gba, kò sí èyí tó wọ́, kò sí èyí tí ọwọ́ gbọ̀n nídìí rẹ̀. N kò rí ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún akọ̀wé tuntun yìí ni pé kó da gbogbo orúkọ inú ìwé ńlá kọ sórí káàdì. Kó tó dà á kọ, kó lọ láti agboolé dé agboolé, kí ẹni tó bá bá nílé jẹ́rìí sí i pé ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó dé ilé wa ní ọjọ́ ọjà Òkukù. Bàbá mi ti gbé àga lọ tà, ìyá mi tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Òkukù lọ́dọ̀ ìyá wa àgbà, níbi tó ti ń lọ sí iléèwé módà lẹ́yìn tó jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ìyàwó àbúrò bàbá mi nìkan ló wà nílé, òun ló kéré jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ohun tí òun àti akọ̀wé sọ, ó ti sọ ọ́ fún wa nígbà púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀.

"Ọmọ mélòó ni káfíńtà yìí ní?"

"Méjì. Ọkọ mi àgbà àti ọkọ mi kékeré."

"Ẹ dárúkọ wọn."

Ó dárúkọ mi. Ó lè dárúkọ mi, torí pé lẹ́yìn tó wọlé ọkọ ni wọ́n bí mi.

"Àgbà ńkọ́?"

"Adúmáradán."

"Ìyẹn kọ́ ni mò ń béèrè. Orúkọ rẹ̀ gan-an."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ṣé ìyá yín ò nílé ọkọ ni? Mo bá a nílé. Ẹ fẹ́ kí n máa pe ọkọ mi lórúkọ bí ẹni pe ewúrẹ́?"

"Ìjọba ló ń béèrè, kì í ṣe èmi."

"Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ níléèwé nígbà náà. Ẹ ń gbọ́ agogo wọn yẹn. Yóò wá dárúkọ rẹ̀ fún yín."

"Kò sáyè. Lọ́rì ń dúró dè mí, agboolé mọ́kànlá ló sì kù."

"Kò burú. Ẹ ka èyí tó wà níwèé sí mi létí. Bó bá jẹ́ òun, n óò mi orí."

"Wọn ò gbà kí n ka nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni létí. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ, èmi ni kí n gbọ́."

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tó mú mi dákẹ́, akọ̀wé."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ. "Báwo ló ṣe ga tó?"

Orí àpótí ni ìyàwó jókòó sí. Ó gbé ọwọ́ sókè láti ibi tó jókòó sí. Akọ̀wé wo ibi tí ọwọ́ náà dé, ó kọ ọdún méjìlá.

Bó bá jẹ́ pé àjèjì ló ṣe èyí, ǹ bá dárí jì í. Ọmọ Yorùbá ni. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Ó padà sí Ìkìrun, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, òjò kékeré yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Adúmáradán wà ní etí ojú ìwé kan náà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó má ka ohun tó wà ní etí ìwé kún. Ó fi òǹtẹ̀ lu orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé ńlá pé kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ ní agboolé wa. Lẹ́yìn náà ó tẹ káàdì tuntun fún ọmọ kan tí a kò bí: Adúmáradán, ọmọ káfíńtà, ọmọ ọdún méjìlá. Ó fi bébà dúdú tí wọ́n ń pè ní kábọ̀nù sáàárín, kí ẹyọ kan lè di mẹ́ta. Ọ̀kan wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iléèwé. Nígbà ayé gègé, bí akọ̀wé bá ṣìṣe, ibì kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà wà.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. A ń jẹ, à ń mu, à ń gbọ́ rélùwéè. Ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ tísà: wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi, kó mú ìwé ìbí wá láàárín oṣù kan, kí wọ́n lè rí i pé ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá mi ka lẹ́tà náà ní ìdúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí aṣọ fún un. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ jó yíká ọgbà, ó ń ki ọkọ rẹ̀ tí yóò di tísà.

Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti bàbá mi la jọ wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun. Akọ̀wé fa dúrọ́ọ̀. Kò pẹ́ rárá. Ìka rẹ̀ sáré lórí káàdì bí ẹni ń ka owó ẹyọ. "Kò sí," ló wí.

"Ẹ tún un wò," ni bàbá mi wí.

"Bàbá, ohun tó dára nínú èyí ni pé kò sí pé à ń tún un wò."

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ tábìlì. "Èmi nìyí, sà. Èmi ni mo dúró yìí."

"Mo rí yín. Wọn kì í béèrè ohun tí mo rí."

A jáde. Oòrùn ń mú, ṣùgbọ́n mo rántí pé bí ẹni pé à ń rìn lábẹ́ omi ló rí lára mi; àwọn èèyàn ń kọjá, ẹnu wọn ń yí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi mú wa lọ sí oko iṣu akọ̀wé àgbà. Arúgbó náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wọ bàtà. Òun ló ṣíwájú wa padà.

Nínú ọ́fíìsì náà, ó dijú, ó ka ojú ìwé náà jáde lórí, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́: orúkọ, bàbá, agboolé, ọdún, Adúmáradán, kòkó tí wọ́n ń sá, àmì dúdú. Bó ṣe dé ibi ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀gbọ́n mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àmì náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa wò ó, akọ̀wé tuntun náà wò ó.

"Ìwé ńlá dà?" ni arúgbó náà béèrè.

"Wọ́n ti kó o lọ, bàbá. Wọ́n ní bí káàdì bá ti dé, kí a má fi méjì da ara wa láàmú."

"Ta ló kó o? Ibo ló kó o lọ?"

"Àwọn tó rán wa níṣẹ́ ni."

"Kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ nígbà náà. Ìwọ náà rí i."

"Mo gbà pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ibo ni kí n tẹ ohun tí ẹ mọ̀ sí? Ẹ wò ó fúnra yín. Àyè mẹ́rin ni: orúkọ, bàbá, ìlú, ọdún."

Arúgbó náà gba káàdì, ó yí i padà. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó mọ́ fonífoní."

"Ẹ̀yìn kì í jáde nínú kábọ̀nù, bàbá."

N kò mọ ohun tó dùn mí ní gbogbo ọjọ́ náà ju ìyẹn lọ. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń bá wa dárò.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà kò sí nílé títí oṣù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tó dé, ó gbọ́ ẹjọ́, ó gbà pé a jàre, ó fi yíǹkì pupa tún káàdì inú kọ́bọ́ọ̀dù Ìkìrun ṣe, ó sì fún wa ní ìwé ìbí tó tọ̀nà. A sáré fi í ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ìwé tó ti Ìkìrun wá kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ wọn láti ọ́fíìsì iléèwé mu. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni ọmọ káfíńtà náà, Adúmáradán sì lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ sì ti lọ, wọ́n ti fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Yíǹkì pupa ti fọwọ́ kan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ronú kan méjì yòókù.

Ẹ̀gbọ́n mi ka lẹ́tà náà, ó ká a, ó lọ pọnmi. Lọ́dún kejì kò tún kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tún wá òun nínú dúrọ́ọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Òkukù, ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyàwó àbúrò bàbá mi kò jó mọ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bó bá rí ẹ̀gbọ́n mi, a kúnlẹ̀, a fẹ́ la ẹnu pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kò ní lè pè é. Ẹ̀gbọ́n mi a gbé e dìde. "Ẹ má pè é," a wí, "Adúmáradán náà ń jẹ́ mi." N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa dá obìnrin náà lẹ́bi rí, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì náà dá a lẹ́bi.

Káàdì tèmi pé. Gbogbo àyè mẹ́rin ló tọ̀nà, nítorí kìkì pé wọ́n bí mi lẹ́yìn ìgbéyàwó kan. Káàdì yẹn ni mo fi wọ iléèwé gíga, òun ni mo fi dé yunifásítì. Níbẹ̀, ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn, wọ́n mú wa wọ yàrá kan tó tutù bí etídò, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan ti ń gbé káàdì oníhò mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wa ní ohun tó máa ń gba akọ̀wé mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀rọ yìí yóò ṣe é kí a tó jẹun ọ̀sán. Ó sọ pé láìpẹ́ gbogbo ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè yìí ni yóò ní irú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ náà ń mì tìtì, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Mo gbé káàdì kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò náà kọjá sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo bi olùkọ́ náà léèrè ibi tí èèyàn ń kọ ohun tí kò ní ihò sí. Ó rò pé àwàdà ni.

N kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ kò pàṣẹ pé kí wọ́n má ka orúkọ sí obìnrin létí. Èèyàn ló pa àṣẹ náà, èèyàn tó ní tábìlì, tó sì ń gba owó oṣù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹ̀yin tó ti fẹ̀yìn tì.

Ta ló ya káàdì náà ní àyè mẹ́rin, agboolé mélòó ló sì wọ ní ilẹ̀ Yorùbá kó tó yà á? Ta ló ṣòfin pé kí ẹlẹ́rìí dárúkọ kí wọ́n má sì kà á sí i létí, nígbà tí gbogbo yín mọ ohun tí ìyàwó kì í sọ? Kí ló dé tí ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pe ọmọ kan wá láti iléèwé fi pọ̀ jù fún lọ́rì yín? Ìwé ńlá náà dà, ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó o lọ? Nígbà tí ọ̀gá yín tún ẹyọ kan ṣe, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún méjì yòókù ṣe, kí ló sì ń ṣe lọ́jọ́ náà? Àwọn mélòó mìíràn, ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, ni ẹ fi òǹtẹ̀ lù bẹ́ẹ̀, tí wọn kò tíì mọ̀ títí di báyìí?

Mo fẹ́ ìdáhùn lórí ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá dáhùn fọwọ́ sí i. Ẹ má fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Òkukù, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ sí i.